Dáàmù tí Bàbá Àgbà Mi Bá Wọn Kọ́

Mo rántí ìgbà tí bàbá àgbà mi máa ń jókòó sórí àga onígi lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí á na ọwọ́ ọ̀tún sí òkè odò, síbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè fojú rí, tí á ní, "Ọwọ́ yìí wà níbẹ̀." Dáàmù ló ń sọ, ògiri kọnkéré ńlá tí wọ́n fi sé odò wa lókè lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ tó bá wa pààlà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kí wọ́n tó bí mi, bàbá àgbà mi wà lára àwọn alágbàṣe tó gbéra láti etí odò wa lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ló lò. Kì í ṣe ẹnjiníà, kì í sì í ṣe fómáànù. Ọpọ́n kọnkéré ló ń rù lórí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, ẹ ó rò pé wọn kò da ọpọ́n kan láìbi í léèrè. "Òyìnbó á wojú mi," bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, "èmi náà á wojú òyìnbó. Ìgbà náà la tó ń dà á."

Ó mú àṣíborí aláwọ̀ ìyeyè kan bọ̀ láti ibẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń kọ́lé ńlá máa ń dé. Ó fi í kọ́ sórí ìṣó ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí, ọmọdé kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí dáàmù yẹn tó wà, odò kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn nígbà òjò. Ìyá àgbà mi sọ fún mi pé ọdọọdún ni omi máa ń wọ ilé ìdáná òun, tí ìkòkò á máa léfòó kiri bí pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ Ìkòròdú ni ìyá àgbà mi, orí òkè ni wọ́n bí i sí, omi kò bá a lára mu rárá. Nígbà tó sú u, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá àgbà mi lọ síbi iṣẹ́ dáàmù. Nígbà tí iṣẹ́ parí, kò kọ́kọ́ lọ sílé. Ìkòròdú ló gbà lọ tààrà, tòun ti àṣíborí lórí, ó jókòó níwájú àwọn àna rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá ìyàwó òun padà fún òun, pé òun ti lọ dí odò náà, pé omi kò ní wọ ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ láé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá àgbà mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá a lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣẹ.

Èmi dé ọ̀dọ̀ wọn nínú àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe olówó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni, n kò tíì ríṣẹ́, mo sì gbà pé kò sí ohun tí kò ṣe é tún ṣe láyé bí èèyàn bá ti lè fi òyìnbó tó já gaara sọ ọ́. Àìsàn ti mú ẹsẹ̀ òsì ìyá àgbà mi nígbà náà, kò lè dá rìn mọ́. Wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lórí rédíò pé dáàmù òkè ti gbó, pé bí òjò bá pọ̀ jù, ṣe ni wọ́n ń ṣí ẹnu rẹ̀ kí omi lè dín kù, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ó lè wó. Bí wọ́n bá sì ti ṣí i, ọ̀dọ̀ wa ni omi náà ń bọ̀. Bàbá mi tún yàrá kan ṣe nílé wa ní Ìkòròdú, níbi tí omi kò lè dé, ó sì rán mi níṣẹ́ kan ṣoṣo: "Kí òjò tó le, mú ìyá mi wá fún mi." Mo ní kí ló le níbẹ̀. Ẹ̀rín ara mi máa ń pa mí bí mo bá rántí pé aṣọ ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo kó sínú báàgì.

Abúlé náà wà lẹ́yìn Agbowa. Bí èèyàn bá kúrò ní títì Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, yóò gba inú oko ẹ̀gẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni odò ti ń fẹ̀ kó tó wọ inú ọ̀sà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbé apá òkè, àwọn Ìlàjẹ apẹja sì ń gbé ìsàlẹ̀ létí omi pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì wọn aláṣọ funfun. Bí rédíò bá ti sọ̀rọ̀ nípa dáàmù, tòkè tìsàlẹ̀ á wá kún ẹnu ọ̀nà wa. Wọn kì í bèèrè ohun púpọ̀. "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?" Bàbá àgbà mi á fẹ̀yìn ti àga, á ní, "Kọnkéré tí mo fi orí mi yìí rù? Ọmọ ọmọ yín á bá a níbẹ̀." Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ sùn. N kò mọ ibòmíràn láyé tí odindi abúlé ti ń sùn nítorí pé aládùúgbò wọn kan ru kọnkéré rí, ṣùgbọ́n bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Lójú wọn, dáàmù náà kì í ṣe ti ìjọba kankan, ti Bàbá ni.

Nítorí náà, nígbà tí mo jíṣẹ́ tí bàbá mi rán mi, bàbá àgbà mi kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn wojú mi, ó ní, "Tíṣà, bí mo bá gbé ìyàwó mi sá lọ sí Ìkòròdú, kí ni màá wí fún àwọn èèyàn wọ̀nyí?" Ni mo bá ní ìjọba ni màá kojú. Mo ra káàdì sínú fóònù, mo pe ètò àárọ̀ kan lórí rédíò. Mo ti há gbogbo ọ̀rọ̀ mi sórí. Wọ́n gbé e, mo kí wọn, mo sọ ibi tí mo ti ń pè, ohùn mi sì gé. Mo gbọ́ tí atọ́kùn ètò náà ń sọ fún gbogbo ayé pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gbé ẹni yẹn lọ, ó sì mú ẹlòmíràn tó fẹ́ kí àna rẹ̀ kú oríire.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pe àwọn àgbààgbà etí odò sí ìpàdé kan ní Ẹ̀pẹ́. Ìlàjẹ kan tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tiwa, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀, ló fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé wa lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá láti ìpínlẹ̀ méjèèjì, wọ́n jókòó sídìí tábìlì kan náà, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀. Èyí tó wá láti ìpínlẹ̀ kejì ní lóòótọ́ àwọn ló ni ilẹ̀ tí dáàmù wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò kì í ṣe ará ìpínlẹ̀ àwọn, àwọn kò lè pàṣẹ kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ tiwa ní lóòótọ́ àwa la ni àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ẹnu dáàmù kò sí lọ́wọ́ àwa, àti pé wọn kì í sábà sọ fún wa kí wọ́n tó ṣí i. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì tọ̀nà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo dìde, mo sọ òyìnbó ńlá fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ilé ẹ̀kọ́ wo ni mo lọ, ó ní mo gbìyànjú gan-an. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà mi nílé, ó ní òun kò retí ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé ewúrẹ́ tí ẹni méjì bá jọ ni, ebi ní ń pa á.

Ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀ ní ìpàdé yẹn tó dun bàbá àgbà mi wọ egungun. Òṣìṣẹ́ kan ní dáàmù náà ti kọjá ọjọ́ orí tí àwọn tó kọ́ ọ fún un. Bàbá dìde, ó ní, "Ta ló ka ọjọ́ orí fún un? Mo wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé yóò kú." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Nígbà tí ọkọ̀ gbé wa dé àárín ọ̀sà, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Èmi àti ìwọ máa lọ wò ó."

Àṣíborí ló dé lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó fi í sílẹ̀, ojú ń tì mí, nítorí ọkọ̀ kan tá a bá bọ́ sí, àwọn èrò á bi í bóyá ibi iṣẹ́ ló ń lọ, á sì dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọn kò jẹ́ ká wọlé. Máígàdí tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tó lẹ́nu dídùn. Ó wo àṣíborí, ó wo Bàbá, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá, ó ní òun kò láṣẹ láti ṣí géètì, ṣùgbọ́n bí a bá gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé òun, a ó rí i dáadáa.

A rí i. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan nípa dáàmù, bí èmi, yóò kọ́kọ́ sọ pé ó tóbi, ó sì lẹ́wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Igi kékeré ti hù lára ògiri náà, kì í ṣe koríko, igi ni, ó ti léwé. Ibì kan wà nísàlẹ̀ tó tutù, tí omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń làágùn, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn irin ẹnu rẹ̀ ti dípẹtà. Bàbá àgbà mi bi máígàdí pé ṣé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ yẹn, ká ṣáà ti ṣí i ni. Ìgbà tó bá wù ú ló ń tì padà." Bàbá tún bi í pé ṣé òun náà ń gbé níbẹ̀. Ó ní òun ń gbé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó òun àti àwọn ọmọ wà nígboro, òun ló kó wọn kúrò.

Bàbá àgbà mi ṣí àṣíborí lórí. Ó kàn ń wo ògiri náà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún ń wo ògiri. Ní gbogbo ọ̀nà tí a fi padà sílé, orí orúnkún ló gbé àṣíborí lé, àwọn èrò kò sì bi í ní nǹkan kan.

Àwọn ará abúlé ti ń dúró dè wá. Wọ́n kún ẹnu ọ̀nà bí ìgbà tí èèyàn ti Mẹ́kà dé. Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ ló bèèrè fún gbogbo wọn: "Bàbá, ẹ ti rí i. Báwo ni?"

Bàbá àgbà mi ní, "Ó ti darúgbó."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Aláwàdà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ ní, "Ẹ̀yin náà ti darúgbó, Bàbá, ẹ ṣì ń rìn." Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ, ó ní igi ti hù lára rẹ̀, ó ní ẹni tó bá ríbi lọ kó máa lọ. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan ní ibo ni kí àwọn lọ. Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ ní, "Bàbá, ṣé òkè Ìkòròdú ni kí n ti lọ máa da àwọ̀n mi? Ẹja wo ló wà níbẹ̀?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí, ó fẹ́ mọ̀ ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ti bàbá àgbà mi yàtọ̀: ọ̀rọ̀ tó ti sọ fún wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá kò fọ́, ó kọ̀ láti fọ́.

Ìyá àgbà mi ló kù. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí Bàbá wọlé tọ̀ ọ́, mo ní iṣẹ́ bàbá mi ti bọ́ sí i. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Ìyá wọn, jẹ́ ká máa lọ sí Ìkòròdú."

"Lọ ṣe kí ni?"

"Dáàmù yẹn kò dáa mọ́."

"Bàbá wọn," ìyá àgbà mi ní, "mo wà ní Ìkòròdú jẹ́ẹ́jẹ́ mi nígbà tí ẹ dé fìlà líle wá bá mi. Ẹ ní omi ò ní wọlé mi mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe tú ẹrù mi. Mo ti sin ọmọ nílẹ̀ yìí, mo ti tọ́ ọmọ nílẹ̀ yìí. Ṣé irọ́ lẹ wá pa fún mi nígbà yẹn ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ ọ ni?"

Ohun tó lè sọ kó fi gbé e kúrò wà lẹ́nu rẹ̀. Ó lè sọ pé ọpọ́n lásán ni òun rù, pé òyìnbó kankan kò wojú òun rí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀, ó sì padé. "Èmi ni," ó ní. Ìyá ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ n sùn."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé ó ra búlọ́ọ̀kù. Ó fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀ sókè, ó wò ó, kò tó lójú rẹ̀, ó tún fi kún un. Ìyá bi í bóyá ó fẹ́ kí òun máa bá alángbá gbé. Àwọn aládùúgbò rí i, wọn kò bi í léèrè, ṣùgbọ́n kó tó pẹ́, ilé tí mo bá wọ̀, bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ti wà lórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní torí eku ni.

Ọjọ́ tí omi dé, oòrùn ń ràn. Òkúta kan wà létí odò tí bàbá àgbà mi máa ń jókòó lé ṣe àlùwàlá. Ó gbé bútà rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní àsìkò ìrun Alásárì, ó sì padà láìtíì bomi sójú. Kò rí òkúta náà mọ́. "Wọ́n ti ṣí i," ni gbogbo ohun tó sọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀, kò sí rédíò tó kéde. Omi náà kò pariwo rárá. Ó gba ẹ̀yìn ilé wọ ilé ìdáná, ó wọ pálọ̀, ó kan orúnkún wa, ó kan itan. Mo sáré kó ẹrù sókè. Nígbà tí mo dé yàrá, mo bá ìyá àgbà mi lórí bẹ́ẹ̀dì gíga rẹ̀ tó di àṣíborí mú. Kí omi tó ga tó bẹ́ẹ̀, Bàbá ti gbé e fún un pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ṣe ló ń fi í gbọ́n omi. Á bu omi kún un, á dà á síta lójú fèrèsé, á tún bù. Omi tó wà níta sì ti ga tó ti inú ilé. Mo ní, "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀." Ó ní kí n má dá òun dúró.

Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa, síbi tí àga Bàbá máa ń wà. A gbé Ìyá wọ inú rẹ̀. Kò sọkún. Nígbà tí a ti ń kọjá lórí ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ wa, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá wọn, ṣé dáàmù yín ti wó ni?"

"Kò wó," Bàbá dáhùn. "Wọ́n kàn ṣí i ni."

"Mo ti mọ̀," ó ní. "Mo ti mọ̀ pé kò lè wó." Ó sì fi orí lé e léjìká.

Bàbá àgbà mi wò mí. N kò tíì rí ojú tó rí bẹ́ẹ̀ lára àgbàlagbà rí, mo sì yí ojú mi kúrò.

Odò kò gbé èèyàn lọ lábúlé wa lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ó gbé ewúrẹ́, ó wó ààrò tí àwọn obìnrin Ìlàjẹ fi ń yan ẹja, ẹ̀gẹ́ sì jẹrà sínú ilẹ̀. Ìyá àgbà mi gbé inú yàrá tí bàbá mi tún ṣe títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. Lójoojúmọ́ ló ń bèèrè pé nígbà tí dáàmù kò wó, kí ni òun ń ṣe ní Ìkòròdú. Níkẹyìn, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé e padà. Wọ́n tún ilé ìdáná rẹ̀ mọ. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé títí wọ́n fi kú, Bàbá ló ṣáájú, kì í ṣe omi ló sì pa wọ́n. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ olọ́mọ ní Ìkòròdú báyìí. Gómìnà ti wọlé, gómìnà ti jáde ní ìpínlẹ̀ méjèèjì. Dáàmù náà wà níbẹ̀. Kò tíì wó, n kò sì gbọ́ pé wọ́n tún un ṣe. Bí òjò bá ti ń le, tí rédíò bá ti sọ̀rọ̀, fóònù mi á dún, Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ti ń gbọ̀n. "Tíṣà," á ní, "ìwọ lo bá Bàbá lọ wò ó. Báwo ló ṣe rí?" Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ ohun tí mo rí fún un, igi, omi tó ń yọ, irin tó dípẹtà. Á gbọ́ mi parí. Lẹ́yìn náà á ní, "Ṣùgbọ́n kò tíì wó?" Màá ní kò tíì wó. "A dúpẹ́," á ní, mo sì máa ń gbọ́ ọ tó ń kígbe sọ ọ́ fún àwọn tó dúró tì í.

Lọ́dún yìí, mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa bọ̀ ní Ìkòròdú. Mo rántí ìbéèrè rẹ̀ nípa àwọ̀n, n kò sì tíì rí èsì rẹ̀. Mo wá ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yín sókè sí i."

"A ti gbé e, Tíṣà," ó ní. "Ó ku díẹ̀ kí orí wa kan àjà."